Iṣu Ìyá Àgbà Lórí Àpáta

Kẹ́hìndé, ọṣẹ wà lójú rẹ nígbà tí fóònù dún. Mo ti wẹ Táyé tán, ó ti sáré lọ yáná nídìí ìkòkò. Ìwọ dúró nínú bàsíà, o di ojú pinpin, o ń sọ fún mi pé kí n yára bu omi. Ìdòwú wà lẹ́yìn mi, ó ń sùn. Mo nu ọwọ́ sí ìró mi, mo gbé fóònù sétí. Bàbá yín ni. Kò kí mi, kò béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé àwọn ọmọ wà nítòsí rẹ?" Mo ní ẹ wà. Ó ní kí n rìn kúrò lọ́dọ̀ yín díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. A kì í ní kí abiyamọ rìn kúrò lọ́dọ̀ ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ ayọ̀.

Ó ní ìyá òun ti kú ní ọsibítù. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ.

Mo padà wá, mo bu omi ṣan ọṣẹ kúrò lójú rẹ. Ìwọ ń sunkún, èmi náà ń sunkún. O la ojú, o rí mi, o sì rò pé ọṣẹ náà ló kó sí mi lójú. O ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́." O bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, o fi nu ojú mi.

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé "láyé ìgbà kan." Èmi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde. Ṣùgbọ́n ilé tí mo bá nígbà tí wọ́n mú mi wá bí ìyàwó kò sí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ̀yin mẹ́ta, Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, ẹ kò ní rántí rẹ̀. Àbẹ́ní ẹ̀gbọ́n yín á rántí, nítorí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ẹ gbọ́ àrọ́bá yín lẹ́nu mi.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá yín. Obìnrin gíga, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lórí òkè kejì. Bó bá ń sọ̀rọ̀ àṣírí nínú yàrá, ẹni tó ń lọ lójú títì á dúró gbọ́. Òun ló gbẹ̀bí Àbẹ́ní nínú ilé yìí, nígbà tí mi ò rọ́nà dé ọsibítù mọ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ọmọ ìkókó lọ́wọ́ kan, kí a sì fi ọwọ́ kejì ro ọkà. Ó ku kíláàsì méjì kí n parí kọlẹ́ẹ̀jì nígbà tí mo lóyún, mo lè ya àwòrán ọkàn èèyàn kí n sì kọ orúkọ gbogbo iṣan rẹ̀ sí i ní Faransé, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí ọmọ tó ń ké láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà á gbà á lọ́wọ́ mi, á ní, "Gbé e wá. Ìwé kò kọ ti inú rírun yìí."

Ọkọ̀ ojú irin ni aago ilé wa nígbà yẹn. Èyí tó ń ti Kútọnu bọ̀, tó ń lọ sí Pàràkú, máa ń fọn fèrè rẹ̀ kó tó wọ ibùdókọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ń rọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè. Bó bá ti fọn, Ìyá Àgbà á ké pé, "Omi yá!" Gbogbo ọmọ agboolé, ti wa àti ti aládùúgbò, á bọ́ṣọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá wà. Kì í bi wọ́n léèrè ọmọ ta ni wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ló ń wẹ̀. Ìgbà kan wà tó wẹ ọmọ àlejò kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tó ti kun àtíkè fún. Ìyá ọmọ náà dúró, ó ya ẹnu, kò mọ bóyá kóun dúpẹ́ ni tàbí kóun bínú.

Ọkọ̀ ojú irin náà kò wá dágbére fún wa. Ìgbà tó ń wá kàn ń jìn síra wọn ni. A gbọ́ ọ lónìí, a kò gbọ́ ọ lọ́la, títí ọjọ́ kan fi dé tí ẹnìkan béèrè pé ìgbà wo la gbọ́ ọ kẹ́yìn, tí kò sí ẹni tó lè dáhùn. Koríko ti bo irin náà báyìí, àwọn ewúrẹ́ ń jẹko láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò gbà. Bí oòrùn bá ti dé ibi tí fèrè ti máa ń dún, á kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á fi ẹnu ara rẹ̀ fọn ọ́n, gígùn, pẹ̀lú bó ṣe máa ń gbọ̀n díẹ̀ níparí. Ẹ̀yin ìbejì, ẹ̀yin kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin rí láyé yín. Ẹnu ìyá yín àgbà lẹ mọ̀ sí ọkọ̀ ojú irin. Ìdí nìyẹn tí Kẹ́hìndé fi bá mi jà kó tó wọnú omi lọ́jọ́ náà. Ó ní ọkọ̀ ojú irin kò tíì fọn, mo sì ń fagbára wẹ òun.

Nídìí oúnjẹ, àwo kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ọmọ. Ẹni tó bá pín ẹja ni yóò mú kẹ́yìn; òfin Ìyá Àgbà ni. Nítorí èyí, kò sí ọmọ tí kò mọ bí a ti ń pín nǹkan kó dọ́gba bí ẹni lo òṣùwọ̀n. Lónìí, olúkúlùkù yín ló ní abọ́ tirẹ̀, aláwọ̀ tirẹ̀, bí Táyé bá sì fọwọ́ kan ti Kẹ́hìndé, ogun dé. Èmi ni mo ra àwọn abọ́ náà. Mo rò pé ó mọ́ tónítóní jù ni. Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ nídìí oúnjẹ ju bó ṣe yẹ kí ilé tó lọ́mọ mẹ́rin dákẹ́ lọ.

Mo fẹ́ sọ ti àpáta.

Òkè pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú wa yìí. Àwọn àlejò máa ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀dà láti ya fọ́tò àwọn tó tóbi. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń yà ní fọ́tò. Ó kéré, ó tẹ́, ó dà bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo obìnrin àdúgbò ń sá gbodo wọn, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́, sí nígbà ọyẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi pààlà, kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣìnà rí.

Bí wọ́n bá kó iṣu dé láti oko Ofè, Ìyá Àgbà á jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Á bó iṣu, á kó o sínú omi gbígbóná tí kò hó, pẹ̀lú ewé ọkà bàbà kó lè mú àwọ̀ wá, á dé e mọ́jú. Láàárọ̀, gbogbo wa á ru ú lọ sórí àpáta. Òkúta máa ń gba oòrùn lókè, á sì máa fi ooru tirẹ̀ jó iṣu náà nísàlẹ̀, iṣu kò sì ní bu bó ṣe ń bu lórí ilẹ̀ tútù. Bó bá gbẹ, ẹ ó mú méjì kan ara wọn, á dún kọ́kọ́kọ́ bí igi. Ìyá Àgbà kì í wò ó lójú láti mọ̀ bó bá gbẹ. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ni láti ṣọ́ ọ. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá. Ẹ ó jókòó lábẹ́ igi kajú tó wà létí àpáta, ẹ ó máa sọ òkò, ẹ ó máa sùn, ẹ ó máa jà. Ojú àpá tó wà níwájú orí Táyé, ibẹ̀ ló ti gbà á, nígbà tó ń lé òbúkọ kan tí òbúkọ náà yí padà wò ó. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ̀yìn rìn, ó ṣubú. Ẹnìkan náà wà láàárín yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n òun ló kẹ́yìn dé ayé nínú àwọn méjì, tó dúró lórí òkúta lọ́jọ́ kan tó tọ̀ sórí gbodo ẹlòmíràn. Gbodo Ìyá Ràímì ni.

Ìyá Ràímì ni aládùúgbò wa tí ògiri rẹ̀ kan tiwa. Ààlà rẹ̀ àti ti Ìyá Àgbà ló kanra lórí àpáta. Mùsùlùmí ni, Ìyá Àgbà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Iléyá bá dé, ẹran á kọjá lórí ògiri wá sílé wa. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì á kọjá padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lórí àpáta á rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ìyá Àgbà á ní, "Ìyá Ràímì, òkúta ààlà yìí tún ti rìn lánàá. Ṣé ó ti hu ẹsẹ̀ ni?" Ìyá Ràímì á ní, "Gbodo yín tó dúdú yẹn ló ń lé e. Olè ni yín, ẹ̀yin lẹ ń sún un." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, lọ́dọọdún, lórí òkúta tí kò tó ìkúùkù.

Nígbà tí ọmọ mi tọ̀ sórí gbodo, mo sáré lọ kúnlẹ̀ láti tọrọ gáfárà. Ìyá Ràímì mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Iyọ̀ ti wọ tèmi. Ẹ jẹ́ ká wo ti ta ni yóò dùn jù."

Òfin kan wà lórí àpáta náà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, nítorí òun ló mú ohun tó ṣẹlẹ̀ wá. Ẹni tó sá gbodo ni í kó o. Bí onígbodo bá ń ṣàìsàn, tó bá rìnrìn àjò, tó bá wà ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ pàápàá, ẹ lè bá a yí i, ẹ lè bá a bò ó, ẹ lè bá a lé ewúrẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kó o. Bí èèyàn bá rí ẹlòmíràn tó ń kó gbodo rẹ lórí àpáta, ó ti mọ̀ pé o ti kú.

Bí mo ṣe kọ́ òfin yìí, ẹ̀rín ni. Mo jẹ́ ìyàwó tuntun, òjò ń ṣú, Ìyá Àgbà wà lóko. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìyàwó gidi ni mí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo gun àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ sí kó o. Ìyá Ràímì fi ọwọ́ lérí. Àwọn obìnrin tó kù dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà yọ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó dúró nísàlẹ̀ àpáta, ó wò mí, ó wo apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ ti sin mí tán? Ṣé ẹ tilẹ̀ pa ewúrẹ́ kan?" Kò sí obìnrin tí kò jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tú gbogbo rẹ̀ padà sórí àpáta nínú òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, kó lè kó o fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ti rí mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, á ní, "Ìyàwó, ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀."

Àwọn obìnrin náà ti dín kù. Àwọn kan kú, àwọn kan kò lágbára mọ́. Àwa tó tẹ̀lé wọn ń ra èlùbọ́ lílọ̀ nínú ọ̀rá lọ́jà. Apá òkè àpáta náà, àwọn tó ń fọ́ òkúta ti gbà á. Táyà àtijọ́ ni wọ́n ń finá sí lórí rẹ̀, títí òkúta á fi sán, wọ́n á sì fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Èéfín rẹ̀ dúdú, kò ṣeé sá gbodo sítòsí. Mi ò bú wọn o. Ọmọ ni wọ́n fi ń bọ́, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin bíi tèmi, pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àyè méjì péré ló kù tí gbodo wà lórí rẹ̀, ti Ìyá Àgbà àti ti Ìyá Ràímì, wọ́n sì ṣì ń jà sí ààlà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó sá èyí tó kẹ́yìn, àyà ń dun Ìyá Àgbà. Ó sọ pé ẹ̀fúùfù ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ yí padà, bàbá yín fi alùpùpù zẹ́mì tó fi ń gbé èrò sílẹ̀, ó lọ wá ọkọ̀. Àbẹ́ní wà nílé, ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Kí wọ́n tó gbé Ìyá Àgbà wọnú ọkọ̀, ó pè é. Ó ní, "Bá mi ṣọ́ gbodo. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀. Bí mo bá dé, màá kó o." Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

Orí àpáta ni Àbẹ́ní wà nígbà tí mo ń wẹ̀ yín, tí fóònù dún.

Ìpinnu àwọn àgbà ni pé kí a má sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín pè láti Kútọnu, ó ní bí a ti ń ṣe é nìyẹn, a kì í la òkú mọ́ ọmọdé lójú. Kí a ní Ìyá Àgbà ti wá sọ́dọ̀ òun láti sinmi, bó bá yá, a ó wá ọ̀nà sọ ọ́. Mo gbà. Bí Àbẹ́ní ti wọlé, mo sọ fún un pé Ìyá Àgbà ti gba Kútọnu lọ.

Ó wò mí. Ó ní, "Kò kó gbodo ẹ̀?"

Mo ní á padà wá kó o. Ó bu omi mu, ó sì béèrè bóyá òun lè gbé ẹní lọ jókòó lé lórí àpáta lọ́la, nítorí òkúta ń ta òun nídìí.

Bí a ṣe tún irọ́ náà ṣe tó! A sọ fún ẹ̀yin ìbejì. A sọ fún ọmọ ẹni tó ń ta epo. A kìlọ̀ fún àwọn tó ń yọ́ wá kí wa pé kí wọ́n má sunkún nínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín tilẹ̀ ti mú ohun tó máa sọ lórí fóònù bí Àbẹ́ní bá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun àgbà. Gbogbo wa jókòó, àgbà àti ọ̀mọ̀wé, a wọ aṣọ fún irọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó rántí pé iṣu wà lórí àpáta.

Ọjọ́ kejì, òjò ṣú lọ́sàn-án. Òjò kékeré tó máa ń wá ṣáájú àkókò nìyẹn, tó máa ń gbọn òdòdó kajú dànù. Mo wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn tó wá kí wa. Mo fún Àbẹ́ní ní bàáṣì, ràbà ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, mo ní kó lọ fi bo gbodo. Kò pẹ́ sí i, mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé.

Ìyá Ràímì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú àyè Ìyá Àgbà, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá yín ti sọ fún un láàárọ̀, nítorí a kì í fi ikú ọ̀rẹ́ pamọ́ fún ọ̀rẹ́. Ó ń kó gbodo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nù ún kó tó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Àbẹ́ní dúró tì í. Bó bá ti kó ọ̀kan sí i, ọmọ náà á yọ ọ́, á tún un tẹ́ sórí àpáta níbi tó wà. Kò sí ẹni tó ń lu ẹnìkan. Ẹnìkan ń kó o, ẹnìkan ń tẹ́ ẹ padà.

Àbẹ́ní ń sọ pé, "Ẹ fi sílẹ̀. Ìyá mi wà ní Kútọnu. Ẹ fi sílẹ̀, mo ti gbé bàáṣì wá."

Ìyá Ràímì kò wò ó. Èmi ló wò. Ó ní, "Ìyàwó. Ẹ ò tíì sọ fún un."

Àbẹ́ní yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ó wà ní Kútọnu."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, Kútọnu, mo ti sọ ọ́ lánàá, kò sì ní ṣòro láti tún un sọ. Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá Ràímì á dìde, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń já ìyá nírọ́ níwájú ọmọ rẹ̀. A ó bo iṣu náà, ilé á sì tún dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí kán. Ó ń kán sórí òkúta gbígbóná, ó ń gbẹ kó tó tàn.

Mo kúnlẹ̀, mo mú gbodo kan, mo fi sínú apẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ fún ọmọ mi pé ìyá rẹ̀ àgbà ti kú nìyẹn.

Kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpáta. Ó wo ọwọ́ mi bó ṣe ń kó ìkejì, tó ń kó ìkẹta. Ó wá béèrè pé, "Nígbà tí mo ń ṣọ́ ọ ló kú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ewúrẹ́ ò jẹ ìkankan."

Ìyá Ràímì fi ìró bojú. Ó sọ fún wa pé òun àti Ìyá Àgbà ti bá ara wọn sọ ọ́ láti ìgbà tí àwọn obìnrin yòókù ti ń tán, pé ẹni tó bá kẹ́yìn láàárín àwọn ni yóò kó ti èkejì. Òun ti rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Òun tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má da gbodo òun pọ̀ mọ́ tirẹ̀ tó dúdú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kún, tí àyè Ìyá Àgbà sì ṣófo, Ìyá Ràímì na ọwọ́ sí òkúta ààlà. Ó gbé e. Ó sún un wọ inú àyè ti ara rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀, ìwọ̀n ibi tí èèyàn lè tẹ́ ìdajì apẹ̀rẹ̀ gbodo sí. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Gbà á. Olè."

Òjò náà kò pẹ́. A ti ru apẹ̀rẹ̀ dé abẹ́ òrùlé kó tó le.

A sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ. Àbẹ́ní kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí mo bá rán an níṣẹ́, á jẹ́ ẹ. Bí mo bá bi í léèrè, á dáhùn pẹ̀lú orí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jáde, ì bá jẹ́ ọjà, ì bá jẹ́ ilé Ìyá Ràímì pàápàá, á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á bá mi dé ẹnu ọ̀nà, á dúró síbẹ̀. Màá bá a níbẹ̀ bí mo bá padà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tiwa kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ibi tó dé kò sí lójú ọ̀nà. Inú ọmọ mi ló dé.

A gún gbodo náà, a kù ú, mo fi ro ọkà. Mo kó gbogbo abọ́ aláwọ̀ yín sókè, mo bu ọkà náà sínú àwo kan ṣoṣo. Àbẹ́ní ló pín ẹja. Ó mú kẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gun àpáta lọ. Mo gbé Ìdòwú pọ̀n, mo tẹ̀lé e. Òkúta ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lókè, àwọn tó ń fọ́ òkúta ti ṣíwọ́. A jókòó sínú àyè Ìyá Àgbà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀yin ìbejì, tí ẹ ń kọ̀ láti wọnú bàsíà lọ́wọ́ bàbá yín. Ìyẹn ni àkókò fèrè. A gbọ́ bó ṣe dákẹ́, èmi àti Àbẹ́ní.

Lẹ́yìn náà ló béèrè. Ó ní, "Màmá, bí ẹ̀yin náà bá lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ kan, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé Kútọnu ni?"

Mo ti fẹ́ sọ pé mi ò ní lọ síbì kankan. Irọ́ mìíràn nìyẹn. Mo wo òkúta ààlà níbi tí Ìyá Ràímì tẹ̀ ẹ́ sí.

Mo sọ fún un pé bí ọyẹ́ bá dé, èmi náà máa bó iṣu, èmi náà máa sá gbodo síbí, bó tilẹ̀ jẹ́ àyè kan ló kù. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí i lórí òkúta, ibi yòówù kí n wà, mò ń bọ̀ wá kó o. Mo ní, "Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kan bá dé tí o rí ẹlòmíràn tó ń kó o, má bá a jà. Gbé apẹ̀rẹ̀ wá, kí o bá a kó o."